Ìkẹ́dùn lórí Màmá Àkàbà, Olùkọ́ Tó Sá Lẹ́tà Sórí Okùn

Láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀sìn
Sí ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn obìnrin méjèèjì, àti àbúrò wọn ọkùnrin

Ẹ̀yin ẹbí wa ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ṣùgbọ́n tó kún fún ọpẹ́, ni àwa olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí fi ń kọ̀wé sí yín. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn kàn wá pé Màmá ti papòdà. Akọ̀wé ẹ̀ka wa ló gbé fóònù. Ó gbé e sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ pa ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ Màmá dé, ó sì gbé àga síwájú ilẹ̀kùn náà, ó jókòó. Ibẹ̀ la ti mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún wọn la fi ń pè wọ́n nínú ìwé tó yẹ kó le bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti kọ́kọ́ kọ èyí tó mọ́ tónítóní, tí gbogbo oyè wọn pé sínú rẹ̀. A kà á sókè létí ara wa. Nígbà tí a parí, olùkọ́ kan ní, "Ó dáa o, àmọ́ ta lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ni wọ́n bá ní kí èmi tún un kọ, èmi tí mo jẹ́ olórí ẹ̀ka lónìí, tí mo sì ti jókòó ní ìlà kẹta nínú kíláàsì wọn rí.

Bàbá, ẹ ti gbọ́rọ̀ àkàbà yìí nílé títí tó fi sú yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ yín yóò ka ìwé yìí lọ́jọ́ kan, torí náà ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé ohun tí ìyá ìyá wọn fi ogójì ọdún ṣe.

Láyé ọjọ́un, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dáadáa, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè fi han aráyé pé ẹyẹ, ẹja àti igi kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni ohun alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran, pé èyí tí ara rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ló ń pẹ́, tó sì ń bímọ. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Kò sí ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ gé lára aṣọ náà kó fi rán tiẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìwádìí nípa ẹ̀sìn di iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà gé tiwọn. Wọ́n ní bí ẹranko bá ní ìtàn ìyípadà, ẹ̀sìn náà gbọ́dọ̀ ní in. Wọ́n wá to ìgbàgbọ́ aráyé sórí àkàbà. Àwọn tó ní ẹ̀mí wà nínú òkúta àti odò wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń sin ọlọ́run púpọ̀ tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń sin ẹyọ kan wà lókè. Ẹni tó ń to àkàbà náà sì jókòó sí téńté orí rẹ̀, ó ń wo gbogbo wa nílẹ̀.

Màmá kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní jókòó tán kí wọ́n tó mú ẹfun ìkọ̀wé. Wọ́n á ya igi sí apá kan pátákó, wọ́n á ya àkàbà sí apá kejì. "Igi ni onímọ̀ ẹ̀dá yà," wọ́n á wí. "Ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka. Kò sí ẹ̀ka tí ẹ lè gùn dórí kí ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀ka kejì. Àwọn bàbá ẹ̀kọ́ tiwa wo igi yìí, àkàbà ni wọ́n rí." Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn bàbá ẹ̀kọ́ náà, ohùn Màmá á yí padà. "Ẹ má bú wọn lójú mi. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ nígboyà láti gbé ẹ̀sìn ilé baba wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlòmíràn, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè kan náà. Àwọn èèyàn wọn ò dárí jì wọ́n. Àga tí wọ́n kàn ni ẹ jókòó lé yẹn." Bí wọ́n ṣe di Màmá Àkàbà nìyẹn. Wọ́n mọ orúkọ náà, wọ́n sì máa ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Kò rọrùn láti kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan já wọ ọ́fíìsì wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ torí àtẹ̀gùn, ó na ìka. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ọmọ mi ti ara ọ̀bọ wá?" Màmá dìde, wọ́n gbé àga fún un. "Ẹ kú ìrìn, sà. Ẹ jókòó. Ọmọ yín ò tíì kàwé débẹ̀ yẹn o. Orí kìíní ló ṣì wà, kò sì tíì kà á tán." Ọkùnrin náà fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín pa á. Wọ́n jọ mu tíì, wọ́n jọ jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Nígbà tó ń lọ, ìwé orí kìíní wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ń kọ lẹ́tà sí wọn láti sọ ibi tí kò ti gbà pẹ̀lú wọn. Màmá ní òun kò ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé bíi tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín ni ti ọdún kẹta tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa.

Páìpù omi kan bẹ́ ní yàrá abẹ́ ilé wa. Níbẹ̀ ni àpótí mọ́kànlélógójì wà, tí ìdílé ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ nígbà pípẹ́ sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣí wò rí. Lẹ́tà ló kún inú wọn. Ọkùnrin náà kò kúrò nínú yàrá ìkàwé rẹ̀ rí láyé. Ńṣe ló tẹ ìwé ìbéèrè, tó fi ránṣẹ́ kárí ayé sí àwọn akọ̀wé èbúté, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti atukọ̀, pé kí wọ́n bi àwọn èèyàn ibi tí wọ́n wà nípa ẹ̀sìn wọn. Ìdáhùn sì dé rẹpẹtẹ. Nígbà tí omi fà tán, alábòójútó ilé wo àwọn àpótí tó ti rẹ gbindingbindin, ó ní, "Ìdọ̀tí ni gbogbo èyí o. Ẹ jẹ́ ká kó o dànù kó má baà máa rùn mọ́ yín lára." Màmá ní, "Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré."

Wọ́n ta okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kejì títí dé òpin rẹ̀, ìlà mẹ́rin. Wọ́n ń sá lẹ́tà sórí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin Bàbá lẹ gbé fáànù méje wá láti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún fíríìjì ṣe, tí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wa pé ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù kan wáyà yóò lọ bá àwọn tó kọ lẹ́tà náà sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dà bí ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀. Àwọn olùkọ́ ní láti tẹ orí ba kí wọ́n tó lè dé ọ́fíìsì wọn, àwọn kan sì kùn. Màmá ń bá tiwọn lọ. Wọ́n ń rìn lábẹ́ okùn, wọ́n ń kà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé orí lẹ́tà akọ̀wé èbúté kan láti erékùṣù kékeré kan. Ìbéèrè kẹsàn-án ni, "Orúkọ wo ni wọ́n ń pe Ọlọ́run?" Akọ̀wé náà kọ ọ́ pé òun lọ bi ìyá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe létí òkun. Ó kọ ohun tí ìyá náà wí bó ṣe wí i gẹ́lẹ́: "Orúkọ ńkọ́? Ó wà. Ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ fún ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wọlé, kó jókòó ná." Wọ́n ti fi gègé onítádàwà pupa fagi lé ọ̀rọ̀ ìyá náà láti òkè délẹ̀. Létí ìwé, lọ́wọ́ bàbá ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ni a ti kọ ọ́ pé: "Wọn kò ní orúkọ. Ìpele kìíní."

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé, tó wà nítòsí, sọ fún mi pé nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́."

Ẹ̀yin mọ ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le. Ọ̀gá tó kọ́ Màmá níwèé, tó sì mú wọn wá síṣẹ́, ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Awò Méjì, torí awò ojú kan kì í kúrò nímú wọn, òmíràn kì í kúrò níwájú orí wọn. Ìwé tí Bàbá Awò Méjì kọ ni ẹ̀ka wa ti fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Orí kẹrin ìwé náà, tí gbogbo ọ̀rọ̀ àkàbà dúró lé, bẹ̀rẹ̀ láti orí erékùṣù yìí, bí wọ́n ti rí i nínú ìwé tí bàbá ẹ̀kọ́ náà tẹ̀ jáde: "Àwọn èèyàn kan wà tí wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ fún Ọlọ́run." Èmi fúnra mi kọ gbólóhùn yẹn nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó pé lórí rẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an, iṣẹ́ Màmá ṣì wà lórí ìdánwò. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dúró pẹ́ tàbí kí wọ́n máa lọ. Bàbá Awò Méjì sì ni alága ìgbìmọ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ wọn tó wà ní ọ́fíìsì kejì gbà wọ́n nímọ̀ràn. "Jọ̀ọ́, fi nǹkan yìí pamọ́ títí wọ́n á fi fọwọ́ sí ìwé rẹ. Lẹ́tà tó ti dúró láti ayé bàbá ńlá wa lè dúró oṣù mẹ́ta sí i." Bàbá, lánàá tí a wá kí yín, ẹ sọ fún wa pé ẹ̀yin náà ni wọ́n bi léèrè, pé ohun tí ẹ sọ ò ju èyí lọ: "Ṣe èyí tí wàá fi rí oorun sùn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Màmá gba ilé ọ̀gá wọn lọ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọ̀gá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàbá Awò Méjì gba lẹ́tà náà, wọ́n fi awò kìíní kà á, wọ́n sọ awò kejì kalẹ̀ láti iwájú orí, wọ́n tún un kà. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Omi ni, sà."

"Fi ìwé yẹn sílẹ̀, kí o máa lọ."

Oṣù mọ́kànlá gbáko ni Bàbá Awò Méjì ò fi bá wọn sọ ju "káàárọ̀" tó le bí igi. Ìgbìmọ̀ sún ìjókòó síwájú, wọ́n tún sún un. Wọ́n gbé kíláàsì aago méje àárọ̀ fún Màmá nínú gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ kì í pa dé, èyí tí olùkọ́ mìíràn kì í fẹ́. Èyí tó dùn wọ́n jù kì í ṣe ti iṣẹ́. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ti di olùkọ́, pé, "Mo ti pàdánù bàbá kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo rò pé mo ti tún pàdánù ìkejì, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe é." Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n bú Bàbá Awò Méjì lẹ́yìn nínú kíláàsì. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjà wà.

Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń wọlé lójú fèrèsé, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí. Bàbá Awò Méjì wọlé pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́. A dìde. Màmá dúró pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Bàbá Awò Méjì lọ sídìí tábìlì, wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ orí kẹrin fún wa, èyí tí gbogbo wa ti há sórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ lẹ́tà náà jáde, wọ́n ka ọ̀rọ̀ ìyá tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́," Bàbá Awò Méjì wí. "Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ sí yàrá abẹ́ ilé lọ wá ibi tó ti jẹ́ irọ́. Mi ò rí i. Márùn-ún mìíràn ni mo rí tí wọ́n fagi lé bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé ìyá yẹn ò ní nǹkan láti sọ. Ẹ mú bírò. Ẹ lọ sí ojú ìwé àádọ́fà."

A fagi lé gbólóhùn náà. Bàbá Awò Méjì náà fagi lé tiwọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n yíjú sí Màmá. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí Màmá ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn, "ìwọ" ni wọ́n ń pè wọ́n, bí àgbà ti ń pe ọmọ. Lọ́jọ́ náà wọ́n ní, "Olùkọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." "Ẹ" tí wọn kì í fi pe ẹni tó kéré sí wọn rí! Ẹfun bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ohun tí mo gbọ́ kò ju "Ẹ ṣeun, bàbá mi" lọ. Àgbàlagbà náà ò jáde. Wọ́n wá àga ní ìlà ẹ̀yìn, wọ́n jókòó títí kíláàsì fi parí, wọ́n sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí iṣẹ́ Màmá. Àwọn méjèèjì ló jọ tún orí kẹrin kọ. Nígbà tí Bàbá Awò Méjì kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, Màmá ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ wọn.

Iṣẹ́ náà ò parí síbẹ̀. Màmá ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí erékùṣù yẹn, sí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ni níbẹ̀. A ti gbàgbé rẹ̀ kí èsì tó dé. Ìyáàfin olùkọ́ kan ló kọ ọ́. Ó ní: "A rí ọ̀rọ̀ ìyá wa gbà. Mo kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹni yẹn padà wọlé wá jókòó." Màmá gbé lẹ́tà náà yí gbogbo ọ́fíìsì ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n kọ èsì pé rárá, kò wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ń bọ̀.

Wọ́n sì lọ lóòótọ́. Bàbá, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé wọn. A gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi ò bá inú yín rẹ́ rárá, pé ẹ bura pé ẹ ò tún ní í kúrò lórí ilẹ̀ mọ́, àti pé nígbà tí ara yín balẹ̀ tán ni ẹ tún fíríìjì ilé ìwòsàn wọn ṣe, èyí tó ti di kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá lò níbẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n dé, a yí wọn ká, gbogbo wa ń bi wọ́n: kí wá ni orúkọ náà? Wọ́n wò wá títí. "Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi yìí?" Wọn ò sọ ọ́ fún wa títí tí wọ́n fi lọ.

Màmá ní àléébù tiwọn, ìwé yìí ò sì ní í pé bí mi ò bá mẹ́nu kàn án. Wọn ò dé ìpàdé lásìkò rí. Bí o bá yá wọn ní bírò, o ti fi ta wọ́n lọ́rẹ nìyẹn. Nígbà tí a ṣí àpótí tábìlì wọn lọ́jọ́ Ajé, bírò mọ́kàndínlọ́gọ́rin la bá níbẹ̀, olúkúlùkù sì dá tiẹ̀ mọ̀. A rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni akọ̀wé wa bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo ọjọ́rú ni wọ́n ṣì ń wá sí yàrá abẹ́ ilé. Wọ́n ti to lẹ́tà inú àpótí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó bi ìbéèrè àti orúkọ ẹni tó dáhùn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá rí i. Ibi tí kò bá ti sí orúkọ, wọ́n á kọ iṣẹ́ ẹni náà: apẹja, agbẹ̀bí, olùṣọ́ ẹnubodè. Iṣẹ́ yìí ti jẹ́ kí àwọn onímọ̀ níbi púpọ̀ tún ìwé tiwọn kà.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní oṣù tó kọjá, mo lọ kí wọn ní ilé ìwòsàn. Ọmọ yín àgbà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Àbúrò rẹ̀ ń fi òróró pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá bi mí ni ẹni tó ń kọ́ àwọn ọlọ́dún kìíní. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Sọ fún un kó má sáré ya àkàbà. Igi ni kó kọ́kọ́ yà." Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n ní ohun tí mo ti fẹ́ bi wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ ti ka ohun tí aráyé sọ nípa ikú. Kí lẹ rí?"

Wọ́n wá ní, "Ọ̀rọ̀ wọn ò jọra. Àwọn kan ní ẹni tó kú lọ sókè, àwọn kan ní ó wà nítòsí, àwọn kan ní àwọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àpótí yẹn, mi ò rí ibi kankan tí wọ́n ti fi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan." Wọ́n wo ẹ̀yin ọmọ méjèèjì, wọ́n wò mí. "O gbọ́ mi, àbí?"

Mo gbọ́, Màmá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí wa, a kì í ṣe èèyàn tí yóò kọ̀wé ránṣẹ́ kó sì lọ jókòó. Akọ̀wé ẹ̀ka wa yóò máa wá sọ́dọ̀ yín láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò bá yín rìn gbogbo ìrìn ìwé tó bá kù láàárín yín àti ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ má baà máa tò sí ẹnu fèrèsé ọ́fíìsì kankan. Olùkọ́ méjì ti gba àpótí mẹ́jọ tó kù, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Màmá ni yóò wà níwájú ìwé àkójọ náà nígbà tó bá jáde. Àwọn ẹrù ọ́fíìsì wọn, ìbòrùn wọn, kẹ́tùlù wọn, àti àwòrán ẹ̀yin méjèèjì lórí ọkọ̀ ojú omi níbi tí ojú Bàbá ti ṣókùnkùn bí ọjọ́ òjò, a ti dì wọ́n dáadáa, ọwọ́ ara wa la ó fi gbé wọn wá. Àti pé ní gbogbo ọjọ́rú, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ, ẹnìkan nínú wa yóò wà nílé yín ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́, a ó jókòó tì yín.

A gbàdúrà, Bàbá, kí Ọlọ́run dúró tì yín ní àárọ̀ tí ẹ bá jí tí ẹ sì gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan pé wọn ò sí mọ́, tí ẹ wá rántí. Kí Ó fún ẹ̀yin ọmọ wọn ní ọkàn tó lè gba ìrántí tó dùn kí èyí tó ń fa ìrora tó dé. Kí Ó tu àbúrò wọn nínú, ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n mìíràn tí yóò máa bá a wí. Kí Ó má jẹ́ kí ẹ tún rí irú ọ̀fọ̀ yìí títí ọjọ́ yóò fi jìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ò bá lè dé nínú ọkàn yín, kí Òun fúnra Rẹ̀ dé ibẹ̀, kí Ó pẹ́ níbẹ̀, kí Ó má sì tètè lọ. Àmín.

Àwa ni tiyín nínú ọ̀fọ̀ yìí,

Olórí Ẹ̀ka, lórúkọ gbogbo olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́